Àgò Onílé O

Ní ilé wa ní Ìsẹ́yìn, ẹnikẹ́ni kì í wọlé láìkágò. Bí ilẹ̀kùn tilẹ̀ ṣí sílẹ̀ gbayawu, ẹni tó ń bọ̀ yóò dúró lẹ́nu ọ̀nà, yóò ní, "Àgò onílé o!" Ìgbà tí màmá mi bá dáhùn pé, "Àgò yà," ni yóò tó gbé ẹsẹ̀ wọlé. Kódà àwọn ará àdúgbò tí wọ́n ń wọlé wa lẹ́ẹ̀mẹ́wàá lójúmọ́ ń kágò. N kò ro ọ̀rọ̀ yìí rí títí di ọdún tó kọjá, nígbà tí mo wà ní kíláàsì SS1, tí mo fi fóònù màmá mi ṣe ohun tó dùn ún ju bí mo ti rò lọ.

Màmá mi ń ta aṣọ òkè. Ẹni tó bá mọ Ìsẹ́yìn mọ̀ pé iṣẹ́ ìlú wa nìyẹn. Kì í hun ún fúnra rẹ̀. Ó ń ra òwú fún àwọn ahunṣọ, ó ń gbé iṣẹ́ fún wọn, ó sì ń wá oníbàárà. Láyé àtijọ́, oníbàárà ní láti wá sí ọjà kó tó rí aṣọ. Lónìí, fóònù ni ṣọ́ọ̀bù màmá mi. Inú rẹ̀ ni àwòrán àlàárì, sányán àti ẹtù wà. Inú rẹ̀ ni nọ́ńbà àwọn oníbàárà tó wà ní Èkó, Ìbàdàn àti Lọ́ńdọ̀nù wà. Inú rẹ̀ náà ni bánkì ti ń sọ fún un pé owó ti wọlé. Ọjọ́ Ajé ni ó máa ń ra dátà, ó sì gbọ́dọ̀ gbé e dé ọjọ́ Ajé kejì. Bí dátà bá tán kí ọ̀sẹ̀ tó parí, owó òwú ni yóò fi ra òmíràn.

Lọ́jọ́ kan, olùkọ́ Yorùbá wa ní kí a lọ wá òwe mẹ́wàá tó jẹ mọ́ àlejò, kí a sì kọ ìtumọ̀ wọn wá. Lálẹ́ ọjọ́ náà, mo yá fóònù Màmá. Mo rí ìkànnì kan tó dà bí ẹni pé ó ní ohun tí mo ń wá. N kò tíì ka òwe kejì tán tí ojú-ìwé náà fi yí padà. Ó pupa bí ẹ̀jẹ̀. Ó ní fáírọ́ọ̀sì mẹ́rin ti wọ inú fóònù náà, pé bí n kò bá tẹ bọ́tìnì tó wà nísàlẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú méjì, gbogbo àwòrán inú rẹ̀ yóò parẹ́. Nọ́ńbà sì ń dínkù lójú mi: 1:59, 1:58, 1:57. Mo ro ti àwòrán aṣọ Màmá. Ọwọ́ mi ń gbọ̀n. Mo tẹ̀ ẹ́. Ojú-ìwé mìíràn ṣí, mo tún tẹ ìyẹn náà. Níkẹyìn gbogbo rẹ̀ dákẹ́, mo sì lọ sùn pẹ̀lú èrò pé mo ti gba fóònù là.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, àtẹ̀jíṣẹ́ kan wà lójú fóònù. Màmá mi, tí kò mọ orúkọ agbábọ́ọ̀lù kan ṣoṣo, ti di ẹni tó ń sanwó fún ìròyìn bọ́ọ̀lù. Ọgọ́rùn-ún náírà ni wọ́n yóò máa yọ lórí láìnì rẹ̀ láràárọ̀. Dátà tó rà lọ́jọ́ Ajé sì tán lọ́jọ́rú. Màmá kò lù mí, kò sì bú mi. Ó kàn wo fóònù náà títí, ó ní, "Ta ló bi mí kí wọ́n tó mú owó mi?" N kò rí èsì fọ̀.

Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọmọ ẹ̀gbọ́n Màmá, ẹni tí èmi ń pè ní Bọ̀dá mi, wá kí wa. Ẹ̀kọ́ kọ̀ǹpútà ló ń kọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga. Ó bá wa fagi lé ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù náà, lẹ́yìn náà ó pè mí jókòó.

"Ṣé o rí aṣọ tí wọ́n ti hun tán, tí wọ́n ká, tí wọ́n gbé fún ọ?" ó bi mí.

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

"Bẹ́ẹ̀ ni ojú-ìwé íntánẹ́ẹ̀tì ṣe rí ní ìbẹ̀rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ni, àwòrán ni, o kàn ń kà á ni. Ṣùgbọ́n ohun mìíràn wà tí wọ́n ń pè ní script. Ìyẹn kì í ṣe aṣọ. Ìwé iṣẹ́ ni. Ìkànnì náà fi ránṣẹ́ sí fóònù rẹ pé: gbé òfì kalẹ̀, ta òwú, máa hun ún báyìí báyìí. Inú ilé tìrẹ ni wọ́n ti ń hun ún. Iná tìrẹ ni wọ́n ń tàn. Òwú tìrẹ ni wọ́n ń lò."

Ẹni tó bá dàgbà sí Ìsẹ́yìn kò nílò kí wọ́n tún ìyẹn sọ fún un lẹ́ẹ̀kejì. Mo bi í pé ṣé ohun burúkú ni script, nígbà náà. Ó ní rárá. Òun ló ń jẹ́ kí máàpù máa rìn bí a bá fi ìka fà á, òun ló ń jẹ́ kí fọ́ọ̀mù sọ fún wa pé nọ́ńbà fóònù tí a kọ kò pé. Ó ní èdè tí wọ́n fi ń kọ èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ni JavaScript, èyí tí Brendan Eich ṣe ní ọdún 1995 nígbà tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ Netscape, ọjọ́ mẹ́wàá péré ni ó sì fi ṣe ti àkọ́kọ́. Áàpù tí a fi ń wo íntánẹ́ẹ̀tì, èyí tí àwọn onímọ̀ ń pè ní aṣàwákiri, ní ògiri tó fi yí àwọn script ká, kí wọ́n má baà lè dìde lọ tú gbogbo inú fóònù. Ṣùgbọ́n nínú yàrá tí wọ́n fún wọn, wọ́n lè jẹ dátà, wọ́n lè jẹ bátìrì, wọ́n lè máa ṣọ́ ohun tí a ń tẹ̀ sójú ìwé náà, wọ́n sì lè gbé wa lọ sí ibi tí a kò ní kí wọ́n gbé wa lọ.

"Ohun tó le jù níbẹ̀," ó ní, "ni pé script kì í dá wá."

Ó ṣí kọ̀ǹpútà rẹ̀. Ó ní ohun kékeré kan nínú aṣàwákiri Firefox rẹ̀ tó ń jẹ́ NoScript. Giorgio Maone, ará Ítálì, ló ṣe é ní ọdún 2005, ọ̀fẹ́ sì ni. Kì í jẹ́ kí script ìkànnì tuntun ṣiṣẹ́ àfi bí onílé bá gbà. Bọ̀dá mi ṣí ìkànnì òwe tó dá wàhálà sílẹ̀ náà, ó sì tẹ àmì NoScript kí n lè rí orúkọ àwọn tó fẹ́ wọlé. Orúkọ ìkànnì náà fúnra rẹ̀ wà lókè. Lábẹ́ rẹ̀, mo ka orúkọ mẹ́tàdínlógún mìíràn. Àwọn kan jẹ́ ti ìpolówó ọjà, àwọn kan ń ka iye ènìyàn tó wá, àwọn kan kò sì ní orúkọ tí ènìyàn lè lóye. Òwe ni mo wá wò. N kò mọ̀ pé ènìyàn méjìdínlógún ni mo ṣílẹ̀kùn fún.

Bí Bọ̀dá mi kò ṣe gbà kí ìkankan nínú wọn ṣiṣẹ́, òwe náà hàn kíákíá, dúdú lórí funfun. Kò sí ojú-ìwé pupa. Kò sí nọ́ńbà tó ń dínkù. Inú mi dùn débi pé n kò tẹ́tí sí ohun tó sọ tẹ̀lé e dáadáa. Ó ní, "Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ilẹ̀kùn ni à ń tì o. O gbọ́dọ̀ máa yàn." Mo ní mo ti gbọ́. N kò gbọ́.

Lálẹ́ ọjọ́ Àìkú, nígbà tí Màmá ti sùn, mo mú fóònù rẹ̀. Mo wọ ibi Settings, mo wá a títí mo fi rí ibi tí wọ́n kọ JavaScript sí, mo sì ti gbogbo rẹ̀ pa fún gbogbo ìkànnì. N kò sọ fún un. Mo fẹ́ kó yà á lẹ́nu.

Ó yà á lẹ́nu lóòótọ́. Ní ọ̀sẹ̀ yẹn, dátà kò tán lọ́jọ́rú. Ní ọjọ́bọ̀, ó ní, "Àjọkẹ́, dátà yìí mà ń pẹ́ nílẹ̀ báyìí." Mo rẹ́rìn-ín músẹ́. Mo ń gbéraga nínú ara mi, mo ń rí ara mi bí ẹ̀ṣọ́ tó ń ṣọ́ ilé láìjẹ́ kí onílé mọ̀.

Ọjọ́ Ẹtì ló dé. Oníbàárà kan ní Èkó ń wá ẹni tí yóò ṣe aṣọ ẹbí ìgbéyàwó fún wọn: ọgọ́ta gèlè àti ogójì fìlà. Àwọn mẹ́rin ló ti bá sọ̀rọ̀. Kí ẹnikẹ́ni má baà ní wọ́n ṣe ojúsàájú, ó fi ojú-ìwé kan ránṣẹ́ sí gbogbo wọn, kí kálukú kọ iye tí yóò gbà àti ọjọ́ tí yóò parí sí i, kó tó di aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Màmá ti bá àwọn ahunṣọ mẹ́ta sọ̀rọ̀. Ó ti ṣírò òwú. Owó rẹ̀ kò ga. Ní aago mọ́kànlá, ó ṣí ojú-ìwé náà, ó kọ ohun gbogbo síbẹ̀, ó tẹ bọ́tìnì tí yóò fi ránṣẹ́. Kò lọ.

Ó tún un tẹ̀. Kò lọ. Ó rò pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni, ó pa fóònù, ó tún un tàn. Ó rìn láti ọjà dé orí òkè tó wà lẹ́yìn ilé-ìwé wa, níbi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti máa ń dára, nínú oòrùn ọ̀sán. Kò lọ. Kò sí ohun kan lójú ìwé náà tó sọ fún un pé wọ́n ti ti ohun kan pa. Bọ́tìnì wà níbẹ̀, ó mọ́lẹ̀, ó kàn kú ni. Ó wá gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀, ó fi ránṣẹ́ sí oníbàárà náà, ṣùgbọ́n onítọ̀hún wà níbi iṣẹ́, kò gbọ́ ọ títí ilẹ̀ fi ṣú. Nígbà tó fi máa gbọ́, wọ́n ti gbé iṣẹ́ náà fún ẹlòmíràn.

Mo dé láti ilé-ìwé, mo bá a lórí àga lábẹ́ igi máńgòrò, fóònù wà lórí ẹsẹ̀ rẹ̀. "Ẹ̀rọ yìí ti kú," ó ní. "N ó ní láti ra òmíràn." Ara mi tutù. Mo mọ̀ lójú ẹsẹ̀. Síbẹ̀, n kò lè sọ ọ́ ní ìrọ̀lẹ́ yẹn. Mo jẹun, oúnjẹ náà kò lọ. Mo dùbúlẹ̀, oorun kò wá. Mo ń gbọ́ bí Màmá ṣe ń bá ọ̀kan nínú àwọn ahunṣọ sọ̀rọ̀ lórí fóònù kan náà, tó ń bẹ̀ ẹ́ pé kó má bínú, pé iṣẹ́ tí òun sọ kò bọ́ sí i mọ́. Ìgbà tó parí ọ̀rọ̀ ni mo dìde, mo lọ kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, fóònù yín kò bàjẹ́. Èmi ni."

Mo sọ gbogbo rẹ̀. Ó dákẹ́ títí mo fi parí. Lẹ́yìn náà ó ní, "Àjọkẹ́, fóònù ta ni?"

"Fóònù yín ni, Màmá."

"Àwọn tó fi mí sí bọ́ọ̀lù kò bi mí. Ìwọ náà kò bi mí. Kí wá ni ìyàtọ̀?"

Mo fẹ́ sọ pé ire ni èmi rò. Ṣùgbọ́n ire tí mo rò kò lè hun ọgọ́ta gèlè. Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti mọ̀ pé ènìyàn lè gba àṣẹ lọ́wọ́ onílé nípa ṣíṣí ilẹ̀kùn rẹ̀ sílẹ̀ fún gbogbo ayé, ó sì tún lè gbà á nípa títì í mọ́lé kó sì mú kọ́kọ́rọ́ sápò. Ọ̀kan kò sàn ju èkejì lọ bí onílé kò bá mọ̀.

Ní ọjọ́ kejì, mo ṣí ohun tí mo tì. Mo wá pe Bọ̀dá mi, ó sì sọ bí a ṣe lè fi Firefox àti NoScript sórí fóònù náà, nítorí ó ń ṣiṣẹ́ lórí Android bákan náà. Lọ́tẹ̀ yìí, Màmá ló mú fóònù dání. Èmi kàn jókòó tì í ni. Gẹ̀ẹ́sì ló wà lójú rẹ̀, Màmá kò sì fẹ́ràn Gẹ̀ẹ́sì kéékèèké. Mo kọ ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ mẹ́ta sẹ́yìn ìwé tó fi ń kọ gbèsè oníbàárà: èyí tí mo fọkàn tán, èyí tí mo gbà fún ìgbà yìí nìkan, èyí tí n kò fẹ́ rí. Ó kà wọ́n, ó rẹ́rìn-ín.

"Ìwọ̀nyí ò le," ó ní. "Mọ̀lẹ́bí, àlejò, àti olè."

Nígbà tí mo ṣàlàyé fún un pé ìkànnì kan lè kó àwọn mẹ́tàdínlógún mìíràn lẹ́yìn, ó kọ háà. Ó ní bí òde àríyá ṣe máa ń rí nìyẹn: o fi ìwé pe ẹnì kan, ó wá pẹ̀lú mọ́tò méjì tó kún fún mo-gbọ́-mo-yà, gbogbo wọn yóò jẹun, gbogbo wọn yóò gba ẹ̀bùn, ẹni tó pè wọ́n kò sì ní mọ orúkọ ẹnì kan. Ó fúnra rẹ̀ ṣe òfin: "Ẹni tí mo pè, kó wọlé. Ẹni tó bá tẹ̀lé e, kó kágò. Bí iṣẹ́ kò bá lè lọ láìsí i, n ó gbà á fún ìgbà yìí. Bí iṣẹ́ bá ń lọ láìsí i, kó dúró síta."

Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, mo ń wò ó níbi tó ti ń wá iye owó òwú lórí ìkànnì kan. Ó gba ìkànnì náà láàyè. Ọ̀rọ̀ hàn, àwòrán òwú kò hàn. Ó wo orúkọ àwọn tó kù, ó yan ọ̀kan, àwòrán wọlé. Ó fi àwọn mẹ́jọ tó kù sílẹ̀ níta. "Ṣé o rí i?" ó ní. "Ẹyọ kan náà ló wúlò nínú gbogbo wọn." Kò tó ìṣẹ́jú kan tó fi ṣe é.

Láti ìgbà náà ni mo ti ń ka ohun tí mo bá rí nípa ọ̀rọ̀ yìí. Mo rí i pé kì í ṣe ọmọ ilé-ìwé nìkan ni mo-gbọ́-mo-yà ń mú. Ní oṣù kejì ọdún 2018, ẹnì kan yí script kan padà, èyí tí àwọn ìkànnì ń lò láti ka ọ̀rọ̀ sókè fún ẹni tí ìwé kíkà nira fún. Ohun rere ni script náà. Ìkànnì tó lé ní 4,000 ló ti gbà á wọlé, àwọn ìkànnì ìjọba Bìrìtìkó wà nínú wọn, títí kan ti ọ́fíìsì tó ń dáàbò bo ìsọfúnni àwọn ará ìlú níbẹ̀. Fún wákàtí díẹ̀, kọ̀ǹpútà ẹni tó bá wọ ìkànnì wọ̀nyẹn bẹ̀rẹ̀ sí í ṣiṣẹ́ láti pa owó orí íntánẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ń pè ní Monero fún ẹni tí wọn kò mọ̀ rí. Mo rántí ọ̀rọ̀ Bọ̀dá mi. Òfì ẹlòmíràn ni wọ́n gbé sínú ilé oníle, iná oníle ni wọ́n ń tàn.

Mo sì tún ka ohun kan tó mú mi dúró. Títí di ọdún 2013, àpótí kékeré kan wà ní ibi ètò Firefox tí ẹnikẹ́ni lè fi ti JavaScript pa. Nígbà tí ẹ̀dà kẹtàlélógún jáde ní oṣù kẹjọ ọdún náà, wọ́n ti yọ ọ́ kúrò níbẹ̀. Ìdí tí irú èrò bẹ́ẹ̀ fi wà ni pé àwọn ènìyàn ń tẹ̀ ẹ́ láìmọ ohun tó ń ṣe, ìkànnì wọn kò sì ní ṣiṣẹ́ mọ́, wọ́n á wá rò pé ẹ̀rọ ló bàjẹ́. Bí mo ṣe kà á, mo rí Màmá lórí òkè lẹ́yìn ilé-ìwé wa, tó ń tẹ bọ́tìnì tó ti kú. Wọn kò parọ́. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ilé wa gan-an ni wọ́n ń bẹ̀rù.

Síbẹ̀, n kò rò pé kí a gbé kọ́kọ́rọ́ pamọ́ fún onílé ni oògùn rẹ̀. Bí ọmọ bá ti ilẹ̀kùn mọ́ ìyá rẹ̀, a kì í tìtorí ìyẹn yọ ilẹ̀kùn dànù. Ohun tó pa iṣẹ́ Màmá ni pé bọ́tìnì tí mo tẹ̀ kò ní àárín: ó jẹ́ gbogbo ilé tàbí kí a má ṣe é rárá. Ó tún pa á pé ibi tó pamọ́ ni mo ti tẹ̀ ẹ́, kò sì sí ohun tó fi hàn lójú ìwé pé a ti tẹ̀ ẹ́. Ká ní gbólóhùn kan wà níbẹ̀ ni, "A ti ti script ìkànnì yìí pa, ṣé kí ó wọlé?", Màmá ìbá ti dáhùn kó tó kúrò ní ọjà, ọgọ́ta gèlè yẹn ìbá sì wà lórí òfì.

Mo mọ ohun tí ẹlòmíràn yóò sọ. Yóò ní bí aṣàwákiri bá ń béèrè ìbéèrè ní gbogbo ìgbà, yóò sú ènìyàn, a ó kàn máa tẹ "mo gbà, mo gbà" láìkà á. Òótọ́ ni. Mo ti ṣe bẹ́ẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ tí ojú-ìwé pupa dé. Ṣùgbọ́n ilé wa kì í béèrè lọ́wọ́ mọ̀lẹ́bí ní ìgbà gbogbo. Ẹni tí a bá ti mọ̀, ohùn rẹ̀ nìkan ti tó. Àlejò la máa ń yẹ̀ wò. Fóònù náà lè ṣe bẹ́ẹ̀: kó rántí ẹni tí a ti gbà, kó dákẹ́ nípa rẹ̀, kó sì béèrè nípa ẹni tuntun nígbà tí ọ̀rọ̀ bá kàn án. Kó béèrè pẹ̀lú ọ̀rọ̀ tí ìyá ọlọ́jà lè kà, ní èdè tó ń sọ.

Ẹ̀yin olùkọ́ wa, ní kíláàsì kọ̀ǹpútà, ẹ ti kọ́ wa ní orúkọ kíbọ́ọ̀dù, móúsì àti àwọn ẹ̀yà tó kù. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún kọ́ wa ní ẹni tó ń pàṣẹ nínú ẹ̀rọ náà, àti ibi tí onílé ti lè gba àṣẹ rẹ̀ padà. Ẹ̀yin òbí, bí ọmọ yín bá mọ fóònù lò jù yín lọ, ẹ má ṣe gbé gbogbo rẹ̀ lé e lọ́wọ́. Ẹ jókòó tì í, kí ẹ sì bi í pé kí ló ń tẹ̀. Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, bí ẹ bá mọ̀ ọ́n jù wọ́n lọ, ẹ ṣàlàyé kí ẹ tó tẹ ohunkóhun. Mo sanwó ìmọ̀ràn yìí, tàbí kí n sọ pé màmá mi ló bá mi san án.

Oníbàárà Èkó náà kò tíì padà wá. Màmá ti rí iṣẹ́ mìíràn, kò tóbi tó ti tẹ́lẹ̀. Ó ṣì ń yá mi ní fóònù rẹ̀ fún iṣẹ́ àmúrelé, ṣùgbọ́n a ní àdéhùn kan. Bí mo bá dé ìkànnì tí a kò wọ̀ rí, tí àwọn orúkọ tí n kò mọ̀ sì tò sílẹ̀, n kì í tẹ ohunkóhun. Mo máa ń gbóhùn sókè láti yàrá pé, "Màmá, àgò onílé o!"

Yóò sì dá mi lóhùn láti ibi tó ti ń ká aṣọ: "Ta nìyẹn?"